Èrò àwọn òǹkàwé lórí kọ́míìkì tuntun: ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìwé kékeré kan nítòsí ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìbàdàn. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti rí eré àwòrán Iyanu lórí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti ń bi mí bóyá mo ní kọ́míìkì. Mo fẹ́ máa tà á, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ mi kò tó èyí tí mo lè fi ṣe àṣìṣe. Tí mo bá lọ ka ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹnì kan á ní kò sí irú rẹ̀ rí, ẹlòmíràn á ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo nínú márùn-ún ló tọ́ sí i. Ìwé kan náà ni o! Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, mà. Ajé á wọgbá.

Mo ti ń ṣiṣẹ́ olóòtú kọ́míìkì fún ọdún mélòó kan, mo sì ti jókòó ti èrò àwọn òǹkàwé títí ilẹ̀ fi mọ́ mọ́ mi lójú. Ìbéèrè kékeré kan ni mo fẹ́ kí ẹ máa fi yẹ gbogbo wọn wò: ojú ìwé wo? Ẹni tó bá lè tọ́ka sí ibi tí inú rẹ̀ ti dùn, tàbí ibi tí ìwé náà ti sú u, ẹ gbọ́ tirẹ̀, kódà kí ẹ̀yin àtòun má fẹ́ràn ohun kan náà. Ẹni tí kò bá rí ibì kankan tọ́ka sí, ìràwọ̀ márùn-ún rẹ̀ àti ìràwọ̀ kan ṣoṣo rẹ̀, ọ̀kan náà ni.

Ẹ ní ìwé kan náà ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ìwé kan náà ni àwọn méjèèjì kà.

Ayàwòrán a máa ya àwòrán kan kí ó gba ojú ìwé méjì tó dojú kọra. Ẹni tó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì á rí gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: odi, ọjà, àwọn ọmọ ogun lórí ẹṣin. Ẹni tó ń kà á lórí fóònù á rí ìdajì ìlú, á fi ìka fà á, á rí ìdajì kejì, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn èèyàn inú rẹ̀ á sì kéré bí èèrà. Òun ló máa kọ ọ́ pé àwòrán rẹ̀ há, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣe é kà. Kò parọ́ o, fóònù rẹ̀ ló ń ròyìn fún wa. Àwọn ará Kòríà náà ní èyí tó jẹ́ pé orí fóònù gan-an ni wọ́n dá a fún, tí èèyàn ń fi ìka fà látòkè wá sísàlẹ̀. Tí wọ́n bá wá kó irú rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n ní láti gé e kí wọ́n sì tún un tò, àwọn tó mọ̀ ọ́n lórí fóònù á sì fi ariwo ta pé wọ́n ti bà á jẹ́. Ti Jàpáànù tí àwọn ọmọ ń pè ní máńgà, láti ọ̀tún la ti ń kà á lọ sí òsì, kódà nínú èyí tí wọ́n ti túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti rí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀yìn, tó kà á tán, tó ní ìtàn náà kò yé òun. Tó bá jẹ́ pé ó ní àyè láti fún un ní ìràwọ̀ ni, ẹ mọ iye tí ì bá fún un.

Bí wọ́n ṣe ń tà á náà wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, kọ́míìkì máa ń kọ́kọ́ jáde bí ìwé tín-ín-rín, ojú ìwé 20 sí 22, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Tó bá pé bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà, wọn á kó wọn pọ̀ sínú ìwé kan tó nípọn. Ẹni tó ń rà á lóṣooṣù ló ń sọ pé ìtàn náà ń rìn bí ìgbín, nítorí ó fi ọgbọ̀n ọjọ́ dúró de ojú ìwé ogún, ó sì rí i pé àwọn èèyàn inú rẹ̀ kàn jókòó sọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó dúró de èyí tó nípọn kà á tán lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní òun kò lè gbé e sílẹ̀. Èyí tó nípọn ni ẹ̀yin máa tà, mà. Ẹ wá èrò àwọn tó ka irú rẹ̀.

Kí ẹ tó gba èyíkéyìí gbọ́, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi Iyanu tí àwọn ọmọ ń béèrè yìí ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún 2021 ni ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Dark Horse ní Amẹ́ríkà. Roye Okupe ló kọ ọ́, Godwin Akpan ló ya àwòrán rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà sì ni àwọn méjèèjì. Oṣù kẹrin ọdún 2025 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré rẹ̀ hàn lórí Cartoon Network. Èrò tó bá ti wà nílẹ̀ ṣáájú oṣù kẹrin yẹn, ọ̀rọ̀ ìwé ló ń sọ. Èyí tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀, ó lè jẹ́ ohùn àwọn òṣèré, orin inú rẹ̀ àti bí àwòrán ṣe ń rìn ló ń yìn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn nínú ohun tí ẹ fẹ́ kó sórí àtẹ. Èmi fẹ́ràn ìwé náà, mo sì rò pé ó máa tà lọ́dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣí i wò kó tó sanwó, kó má baà jẹ́ pé eré tẹlifíṣọ̀n ló rò pé òun ń rà.

Èrò tó máa ń tètè jáde jù ni kí ẹ fura sí jù. Ọjọ́rú ni ọjọ́ kọ́míìkì tuntun ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n onísọ́ọ̀bù ti ní láti sọ iye tó fẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, èyí tí kò bá sì tà, ọrùn rẹ̀ ló wà. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń ṣòwò náà bẹ́ẹ̀: onísọ́ọ̀bù gba ẹ̀dínwó tó jọjú, ó sì gba àdánù mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, ẹ mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe sí ọkàn èèyàn. Nítorí náà ni àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde ṣe máa ń fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àwọn kan kí ọjọ́ tó pé, kí ìyìn lè ti gba ìgboro kí onísọ́ọ̀bù tó pinnu. N kò ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Àmọ́ ẹni tó ń retí kí wọ́n tún fi òmíràn ránṣẹ́ sí òun, ọwọ́ rẹ̀ kì í le lórí èyí tó wà níwájú rẹ̀.

Ti ọjọ́ kìíní gan-an kò yàtọ̀ púpọ̀. Ẹni tó ti ń retí ìwé kan láti ọdún kan sẹ́yìn, ìdúró rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ dùn pé ó dé, tàbí inú bí i pé kò jọ èyí tó fi ọkàn yà. Ìwé kìíní nínú ìtàn ni èrò máa ń pọ̀ lórí rẹ̀ jù, nítorí òun ló máa ń tà jù; láti orí ìkejì lọ ni iye àwọn tó ń rà á ti máa ń dín kù. Nígbà tó bá fi máa dé ìkarùn-ún, èrò ti ku díẹ̀, ẹni tó sì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ti mọ ìtàn náà dénú. Mo fẹ́ràn àti máa kà wọ́n. Kìkì pé àwọn tó bá kù síbẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn tó sú ti bá tiwọn lọ, ìdí nìyí tí ìràwọ̀ fi máa ń pọ̀ sí i bí ìtàn bá ṣe ń pẹ́. Ẹ wá àwọn tó lọ yẹn. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé orí ìkẹta lòun ti fi í sílẹ̀ nítorí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bákan náà, ìyẹn ti ṣe yín lóore.

Àwọn tó ń fún ìwé ní ìràwọ̀ kan kó tó jáde rárá, nítorí àwọ̀ ara akọni inú rẹ̀ tàbí nítorí pé wọ́n yí akọni tí wọ́n mọ̀ láti kékeré padà, ẹ fò wọ́n. Ẹ fo àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí ayàwòrán náà, àwọn tó ń ní ká gbé tiwa lárugẹ. Ìfẹ́ ló mú wọn sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí ojú ìwé kankan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín nípa ohun tí òǹkà ń fi pa mọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1988, DC tó ń tẹ Batman jáde fi ẹ̀mí Robin, ọmọkùnrin tó ń ran Batman lọ́wọ́, lé àwọn òǹkàwé lọ́wọ́. Jason Todd lorúkọ Robin ti ìgbà náà. Ìwé Batman ti àkókò náà parí síbi tí bọ́ǹbù ti bú gbàmù níbi tí ọmọ náà wà. Nọ́ńbà tẹlifóònù méjì ló wà lẹ́yìn ìwé, ọ̀kan fún ẹni tó bá fẹ́ kó yè, ọ̀kan fún ẹni tó bá fẹ́ kó kú. Wákàtí 36 ni wọ́n fi ṣí ìlà náà, 50 sẹ́ǹtì sì ni ìpè kan. Àwọn tó ní kó yè jẹ́ 5,271. Àwọn tó ní kó kú jẹ́ 5,343. Ìpè 72 ló sin ọmọ náà.

Mo máa ń ronú lórí 72 yẹn. Kò sí ohun tó dí ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́ láti pè nígbà ogún bí owó rẹ̀ bá ká a, nítorí náà kò sí bí a ṣe lè mọ̀ bóyá ẹgbàárùn-ún èèyàn ló dìbò, tàbí díẹ̀ tí inú ń bí gidigidi. Èyí tó tún dùn mí jù ni pé ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n pé kí ló dé. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni kò fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń kọ ọmọ náà nígbà náà, olórí líle tí kì í gbọ́ràn. Ẹ̀sùn gidi nìyẹn, ó ní ojú ìwé tí èèyàn lè ṣí tọ́ka sí, olóòtú tó bá sì gbọ́ ọ lè sọ fún òǹkọ̀wé kó tún ọwọ́ mú. Ṣùgbọ́n kí ó yè tàbí kí ó kú nìkan ni wọ́n fi síwájú wọn. Ọmọ náà kú. Ní ọdún 2005 wọ́n tún jí i dìde nínú ìtàn, pẹ̀lú ìwà tí wọ́n tún gbẹ́ fún un, ó sì di ẹni tí òǹkàwé púpọ̀ ń fẹ́ kà nípa rẹ̀.

Ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀ lójú mi. A tẹ kọ́míìkì kan jáde, èrò sì rọ́ dé: ó dùn gan-an, iṣẹ́ ọwọ́ yín dára, ẹ kú iṣẹ́. Inú wa dùn. Nínú gbogbo rẹ̀ ni ẹnì kan ti kọ gbólóhùn kan péré: “Ojú ìwé 14, onígángan yẹn kò ní kọ̀ǹgọ́.” A ṣí i. Lóòótọ́ ni. Ayàwòrán ti gbé gángan lé onílù lórí itan, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lù ú bíi pé àkúbà ni. Èmi ti wo ojú ìwé yẹn, àwọn méjì mìíràn náà ti wò ó, ó kọjá lójú gbogbo wa. A bẹ ayàwòrán, ó gbé ìlù náà sábẹ́ abíyá onílù, ó fi kọ̀ǹgọ́ sí i lọ́wọ́, àtúntẹ̀ sì jáde bó ṣe yẹ. Gbogbo ìyìn yòókù kò yí ìlà kan padà nínú ìwé yẹn.

Ẹ̀yin náà lè ṣe irú àyẹ̀wò yẹn kí ẹ tó sanwó, èrò tó ti òkèèrè wá kò sì lè bá yín ṣe é. Lẹ́tà ńlá ni wọ́n sábà máa ń fi kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú kọ́míìkì, púpọ̀ nínú àwọn fọ́ǹtì tí wọ́n dá fún iṣẹ́ náà kò sì ní àmì ìsàlẹ̀, ká má tiẹ̀ sọ ti ohùn. Ẹ wo ohun tó ń fà: ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ tí à ń wọ̀ àti oko tí à ń ro, gbogbo wọn á di OKO. Òǹkàwé Chicago tó fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún kò ní rí i. Ọmọ Ìbàdàn á rí i, á sì wá bi yín. Ẹ ṣí i, kí ẹ ka orúkọ àwọn èèyàn inú rẹ̀ sókè. Ẹ wo ilà ojú wọn, ẹ wo bí wọ́n ṣe we gèlè, ẹ wo bí ọmọ ṣe ń kí àgbà. Tí àṣìṣe bá pọ̀, kò ní kí ẹ má tà á, ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé sí àwọn tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì kọ ojú ìwé náà sí i. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí ga ju ẹ̀yin lọ. Atọ́ka tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967, tó ń fi fọ́tò àwọn òṣèré tíátà wa sọ ìtàn, Yorùbá ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu wọn jáde. A ti mọ bí a ṣe ń ka irú nǹkan báyìí kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ya kọ́míìkì lónìí tó dáyé.

Ní ti ọjọ́ orí, ẹ má gbára lé èrò òǹkàwé rárá. Àgbàlagbà tó gbádùn ìwé kan kì í sábà rántí sọ pé ẹ̀jẹ̀ tàbí ìhòòhò wà nínú rẹ̀. Ẹ yí ìwé náà sẹ́yìn. Lára máńgà tí ilé iṣẹ́ Viz ń tẹ̀ jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà máa ń wà níbẹ̀: A ni ti tọmọdé tàgbà, T ti ọ̀dọ́, T+ ti ọ̀dọ́ tó ti ń sún mọ́ àgbà, M ti àgbà. Ẹ má jẹ́ kí M dé àtẹ yín, nítorí òbí kan á wá gbé e pa dà pẹ̀lú ìbínú, òótọ́ á sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó wá ku àwọn oníbàárà yín fúnra wọn, níbi tí èrò tó wúlò jù fún yín wà. Ọmọ tí ẹ bá bi pé “Ṣé ó dùn?” á ní “Ó dùn, mà.” Kí ló tún fẹ́ sọ fún àgbà? Àwọn ará Jàpáànù ti rí ọgbọ́n sí i. Ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Shōnen Jump, ọdún 1968 ló bẹ̀rẹ̀, ìtàn oríṣiríṣi ló sì máa ń wà nínú ẹ̀dà kan. Ó ní káàdì kékeré kan tí wọ́n máa ń fi sínú rẹ̀ kí òǹkàwé kọ nǹkan sí i kó fi ránṣẹ́. Wọn kì í bi í bóyá ó dùn. Wọ́n á ní kó mú mẹ́ta tó dùn mọ́ ọn jù. Ọmọ tó fẹ́ràn mẹ́wàá gbọ́dọ̀ fi méje sílẹ̀, ibẹ̀ lòótọ́ ti ń jáde. Nígbà tí ìwé ìròyìn náà wà ní ògo rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1994 sí 1995, ẹ̀dà kan ń tà tó mílíọ̀nù 6.53.

Ọwọ́ wọn le o. Ìtàn tuntun tí kò bá rí ibo lè kógbá wọlé láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, inú mi kì í sì dùn sí i, nítorí ìtàn mìíràn wà tó nílò àyè kó tó tanná. Ẹ̀yin kò ní láti le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn mú ìbéèrè wọn, kí ẹ fi tèmi kún un.

Báyìí ni èmi á ṣe é tó bá jẹ́ èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ má ra ogún ẹ̀dà ohunkóhun. Ẹ ra oríṣi mẹ́rin, ẹ̀dà méjì méjì: Iyanu, máńgà kan tó ní A tàbí T, méjì mìíràn tó jẹ́ ti àwọn ọmọ ilẹ̀ wa. Ẹ fi ọ̀rá bo èèpo ẹ̀dà kan nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé àga gbọọrọ síwájú ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ ìbòji, kí àwọn ọmọ tó bá jáde ilé ìwé máa kà á níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀dà kejì ni ẹ ó tà. Ẹni tó bá kà tán, ẹ fún un ní ìwé pélébé: èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lo máa kọ́kọ́ rà bí owó bá wà? Ojú ìwé wo lo tún padà lọ wò? Ojú ìwé wo ló ti sú ọ? Kí wọ́n má kọ orúkọ sí i. Ẹ wá àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ náà rí, nítorí àwọn tó ń pariwo á ti sọ tiwọn kí ẹ tó béèrè.

Ẹ fi ojú yín náà ṣiṣẹ́. Ọmọ tó ń ṣí ìwé padà sẹ́yìn, ó lè jẹ́ pé àwòrán kan dùn mọ́ ọn ju kó fi sílẹ̀ lọ, ó sì lè jẹ́ pé kò mọ àpótí àwòrán tó yẹ kó kà tẹ̀ lé èyí tó kà tán. Ẹ bi í. Ọ̀sẹ̀ kìíní kò ní sọ nǹkan púpọ̀ fún yín, nǹkan tuntun ni inú gbogbo wọn á ṣì máa dùn sí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ ka àwọn ìwé pélébé náà, kí ẹ fi owó yín ra èyí tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ léraléra.

Tí ẹ bá lè ya fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí mi, ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ mọ ojú ìwé tí àwọn ọmọ náà padà sí.